Bisikíìtì Inú Bàálù

Àánú kan wà tó jẹ́ pé ìyà ló máa ń bí lọ́mọ. Irú rẹ̀ ni Tẹ́ní ṣe fún Aunty Fẹ́misí.

Àbúrò ìyá Tẹ́ní ni Aunty Fẹ́misí, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà ní College Park, lókè òkun nítòsí pápákọ̀ òfurufú, lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Iṣẹ́ Aunty ni kó máa gbálẹ̀ inú bàálù kí èrò mìíràn tó wọlé. Òfin ibẹ̀ le: ohunkóhun tí èrò bá fi sílẹ̀, kódà oúnjẹ tẹ́nikẹ́ni ò tíì tú, inú ìdọ̀tí ni kó lọ, ẹni tó bá mú un, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aunty ń mú bisikíìtì. Òun ni Tẹ́ní fi ń mu tíì láàárọ̀ títí tó fi wọ yunifásítì.

Ní yunifásítì, ewì àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ ló wù ú kọ́, àgàgà àwọn tó ń dárò àgbẹ̀ àti obìnrin tó ń hun aṣọ tí kò ní rí wọ̀. Ìjòyè ọba ló kọ púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n lè gba owó orí lọ́wọ́ àgbẹ̀ náà lójú mọmọ, kí wọ́n tó délé lọ máa fi tàdáwà sunkún rẹ̀. Tẹ́ní ṣàlàyé èyí fún Aunty lọ́jọ́ kan tó ń bá a fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Aunty bi í pé kí wá ni ìjòyè náà fún àgbẹ̀ yẹn. Tẹ́ní rẹ́rìn-ín.

“Aunty, it's a poem. Ó kàn kọ ọ́ ni.”

Olùkọ́ wọn ní kí kálukú kọ tirẹ̀ fún ìdíje. Ó ní àánú tí kò lójú kò já mọ́ nǹkan kan. Kí wọ́n dárúkọ ẹni náà, kí wọ́n sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni Tẹ́ní. Ó kọ Fẹ́misí, ó kọ bàálù, ó kọ bisikíìtì inú àpò aṣọ iṣẹ́. Kò sọ fún Aunty, torí ó fẹ́ kó yà á lẹ́nu.

Ó sì yà á lẹ́nu lóòótọ́. Níbi ìsìn ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Tẹ́ní ka ewì náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó tún un kà ní Yorùbá kí àwọn àgbà lè gbádùn rẹ̀. Àwọn ìyá ń nu ojú. Pásítọ̀ ní kí Aunty Fẹ́misí dìde kí gbogbo ìjọ rí i, ó sì dìde, ó di àga iwájú rẹ̀ mú. Omi tó ń bọ́ lójú Díákónì Kọ́ládé pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Díákónì yìí ni ọ̀gá àwọn agbálẹ̀ bàálù. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́; ti Tẹ́ní ni ẹnu, ti Aunty wá ni ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Díákónì gba báàjì iṣẹ́ lọ́rùn Aunty. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n àwọn agbálẹ̀ mìíràn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Bí òun bá dákẹ́, iṣẹ́ tòun náà á lọ. Ó tún ní kí Tẹ́ní jọ̀ọ́ fi ewì náà ránṣẹ́ sóun, ọmọ òun á fẹ́ kà á. Ẹ ò rí ojú ayé.

Tẹ́ní sáré lọ kúnlẹ̀ nílé Díákónì. Ọkùnrin náà fà á dìde, ó fi àga fún un.

“Ọmọ mi, báàjì yẹn ṣì wà nínú drawer mi, mi ò tíì submit ẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday, sọ fún ìjọ pé o kàn make up ọ̀rọ̀ bisikíìtì yẹn ni. Tó bá ti jẹ́ irọ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan.”

Tẹ́ní ṣèlérí, ó sì sọ fún Aunty nígbà tó délé. Aunty fọwọ́ pa á lórí, ó ní ọ̀ràn náà ò tíì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé, iléèwé pè é: ewì rẹ̀ ló gba ipò kìíní, wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n ní òtítọ́ inú rẹ̀ ló wọ àwọn lára. Tẹ́ní fúnra rẹ̀ ló pe Pásítọ̀ láti ròyìn rẹ̀.

Nítorí náà, kó tó dé iwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo wọn ti dìde pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi makirofóònù lé e lọ́wọ́. Ó rí Díákónì tó ń mi orí sí i pé kó wí i. Ó rí Aunty lẹ́yìn lọ́hùn-ún, tó ti wọ aṣọ iṣẹ́ wá kó lè ti ibẹ̀ gba ibi iṣẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ò ju gbólóhùn kan lọ. Ó ro ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, ó ro ojú olùkọ́ rẹ̀ bó bá gbọ́ pé irọ́ ni.

“Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run,” ló wí, “mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Aunty mi. Every word is true.”

Ìjọ tún pàtẹ́wọ́. Díákónì náà pàtẹ́wọ́, ẹkún sì tún gbọ̀n ọ́n.

Aunty ò bá a jà. Nígbà tí wọ́n délé, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó tọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó sì gbé bisikíìtì kan síwájú Tẹ́ní.

“Eléyìí ló kù,” ló wí, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ojú ti Tẹ́ní, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ṣùgbọ́n kò tíì jẹun láti àárọ̀. Ó tú bisikíìtì náà, ó jẹ ẹ́.