Ẹnu Ara Mi Ni Màá Fi Dáhùn

Láti kékeré ni Ayman ti ń kólòlò. Nígbà tí wọ́n dá ọjọ́ yìgì òun àti Hikmah, ọmọge tó ń kàwé ní Ìjagun, ó gba áàpù kan sórí fóònù, èyí tó ń kọ́ akólòlò ní ọ̀rọ̀ sísọ. Áàpù bi í pé kí ló ń lépa. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi dáhùn níwájú lèmọ́mù."

Láràárọ̀, kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, á jókòó, á máa sọ̀rọ̀ sí fóònù. Áàpù á gbọ́ ọ, á wo ibi tó bá a dé, á sì yan iṣẹ́ ọjọ́ kejì fún un. Bó bá ṣe dáadáa, iṣẹ́ á le sí i. Bí kò bá ṣe dáadáa, á rọ̀. Ó kọ́kọ́ dùn mọ́ ọn. Àmọ́ gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti há sí i lọ́fun ni áàpù ń kà sí ìkùnà, bó tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà parí.

Nígbà tí yìgì ku ọ̀sẹ̀ kan, áàpù yí ohun tí Ayman ń lépa padà láìbi í: "Bí o ṣe ń lọ yìí, ọwọ́ rẹ kò ní tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ ká dín in kù. Kàn mi orí, kí ẹlòmíì bá ọ dáhùn."

Bàbá rẹ̀, Alájì Gbàdàmọ́sí, kà á lójú fóònù, ó mí kanlẹ̀.

"Èmi náà ti ń rò ó. Jẹ́ kí Haneef ẹ̀gbọ́n rẹ ṣojú fún ọ. Ẹ̀sìn fàyè gbà á. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

"B-Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò sọ pé mi ò ní k-kólòlò. Mo ní ẹnu ara mi ni màá fi dáhùn. Ta ló ní kó d-dín in kù?"

Lójú bàbá rẹ̀ ló ti pa áàpù náà rẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, mọ́ṣáláṣí kún. Lèmọ́mù bi Ayman bóyá ó gba Hikmah.

"M-m-m..."

Ọ̀rọ̀ há. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Haneef fẹ́ dìde kó gbà á sílẹ̀, Ayman nawọ́ sí i pé kó jókòó. Kò wolẹ̀.

"M-mo gba Hikmah!"

"Ó ti tó, ọmọ mi," lèmọ́mù wí.

"Ẹ d-dúró, sà. Mi ò tíì parí." Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Hikmah, ọmọ Alájì Ò-Ògúntọ́lá, ní ìyàwó."

Láti ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin, Hikmah ké "Àlùhámúdùlílàáì!" kí ìyá rẹ̀ tó rí i bò lẹ́nu.