Òjìji Kì í Gé Ìlà

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi dúró gbagidi lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà, níwájú kòtò tí kò sí níbẹ̀. Òjìji òpó iná ni. Kámẹ́rà tí mo so mọ́ fìlà wọn rí dúdú nílẹ̀, ó sì fi ohùn mi pariwo sí wọn létí pé, "Kòtò, bàbá, ẹ dúró!" Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ṣí fìlà náà, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ojo ni ẹ̀rọ ẹ yìí. Mú mi padà sílé."

Inú bí mi gan-an. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe ẹ̀rọ yẹn! Láti ìgbà tí ojú wọn ti fọ́, wọn ò dá lọ sílé ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin mọ́, bẹ́ẹ̀ ilé mẹ́sàn-án péré ló wà láàárín. Bí wọ́n bá kọ fìlà yìí, orí àga ni wọ́n máa wà títí.

"Dúdú ni kòtò, dúdú ni òjìji," mo ń kùn nígbà tá a délé. "Báwo ló ṣe fẹ́ mọ ìyàtọ̀ wọn?"

Bàbá mi, tó fi ọgbọ̀n ọdún to táìlì, bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé o ò mọ ìlà àárín táìlì ni? Bí òjìji mi bá bọ́ sórí táìlì, ìlà á ṣì máa lọ lábẹ́ ẹ̀. Òjìji kì í gé ìlà. Kòtò ló ń gé e."

Ohun tí àgbà rí níjòókòó, ọmọdé dìde dúró, kò rí i. Bàbá mi tiẹ̀ rí i láìlójú.

Bíríkì ni wọ́n tò sójú ọ̀nà wa. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ ẹ̀rọ náà kó máa tọ ìlà bíríkì, kó sì máa sọ ohun tó ni òjìji.

Bàbá mi dé fìlà náà jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn wà lẹ́yìn wọn. Mo ní mi ò ní tẹ̀ lé wọn. Irọ́ ni. Wọ́n kọjá òjìji òpó láìdúró. Wọ́n yà fún kòtò gidi kan. Nígbà tí wọ́n dé ilé keje, wọ́n dúró. Èmi náà dúró lẹ́yìn wọn.

"Ẹ̀rọ ẹ ní òjìji èèyàn méjì ló wà níwájú mi," wọ́n sọ láìbojúwẹ̀yìn. "Ṣé mo ti di ìbejì ni? Ìwọ ọmọ yìí, padà sílé."

Mo yí padà, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn mi, tí ẹ̀gbọ́n wọn sì kígbe pé, "Ta ló mú ẹ wá?"

"Ẹsẹ̀ mi ni!"