Ibùsùn Kẹtàdínlógún

Láti ìgbà tí ìwé pélébé náà ti dé ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni Olóhùn-Iyọ̀ kò ti lè dúró lójú kan. Ó dé ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ṣí i, ó tún un tì láìkó nǹkan kan jáde. Ó dé ìdí tábìlì ìlọṣọ, ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó gbé e kalẹ̀. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí aṣọ ibùsùn ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn, ó wo òrùn bí ẹni tó ní ẹjọ́ láti bá a rò, ó padà wọlé.

"Ṣé wọ́n da èèrà sí ọ láṣọ ni?" Ìyá Ọṣẹ bi í. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn náà. Ìyá Ọṣẹ ló ń wọn ọṣẹ sínú ẹ̀rọ. Kò sí ohun tí ojú rẹ̀ kì í rí, kò sì sí èyí tó rí tí ẹnu rẹ̀ kì í sọ.

"Kò sí nǹkan kan."

"Kò-sí-nǹkan-kan ló ń mú ọ lọ aṣọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta?"

Ìwé pélébé náà wà lórí tábìlì láàárín wọn. Wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ló ti wá. Wọ́n fẹ́ aṣọ títún fún ibùsùn kẹtàdínlógún, wọ́n sì fẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Aago méjì ni wọ́n kọ sí i.

Ẹni tó wà lórí ibùsùn kẹtàdínlógún, àbúrò Olóhùn-Iyọ̀ ni. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ló ń ṣe. Orí àkàbà ló ti já bọ́ ní ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn, tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì, tí ìbàdí rẹ̀ yẹ̀. Ìyá Ọṣẹ ló rí wọn nígbà tí wọ́n ń gbé e wọlé, tó sáré wá sọ pé, "Ọkùnrin kan wà lókè tó jọ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n fi amọ̀ kan náà mọ yín." Olóhùn-Iyọ̀ kò gòkè. Ọdún mẹ́sàn-án nìyí tí òun àti àbúrò rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n aṣọ ń bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn yìí ni wọ́n fi yíǹkì dúdú tẹ nọ́ńbà ibùsùn rẹ̀ sí létí, kí wọ́ọ̀dù má baà máa jà sí i. Ní àràárọ̀ ni kẹ̀kẹ́ ìkóṣọ ń sọ̀ kalẹ̀, ní àràárọ̀ ni ọwọ́ Olóhùn-Iyọ̀ ń wá nọ́ńbà kan láàárín ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ kejì, aṣọ náà rin fún òógùn: ibà ti dé. Ní ọjọ́ kẹrin, àárín nìkan ló rún, etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún régé: kò lè yí ara padà. Ní ọjọ́ kẹfà, ó gbẹ, ó sì rún dáadáa, Olóhùn-Iyọ̀ sì mí kanlẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti rí oorun sùn.

"Mo búra pé ojú mi ò ní rí i, ẹnu mi ò ní bá a sọ̀rọ̀," ó máa ń sọ fún Ìyá Ọṣẹ. "Mi ò búra pé mi ò ní fọ aṣọ ẹ̀."

"Háà, lọ́yà! Ọlọ́run á gba ọ́ sí ilé ẹjọ́ ẹ̀."

Ìbúra yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nígbà tí ogbó gba iyè lọ́wọ́ ìyá wọn, tí ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n, tí ó ń wá ilé tí wọ́n ti wó tipẹ́, àwọn ọmọ méjèèjì pín ọjọ́ láàárín ara wọn láti máa ṣọ́ ọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó jẹ́ ti àbúrò, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ìyá jáde, alùpùpù kan sì gbá a lójú títì. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò láyé lẹ́yìn náà. Bí wọ́n ti ń ti ibi ìsìnkú bọ̀, Olóhùn-Iyọ̀ gbé ọwọ́ lé Kùránì lójú gbogbo ẹbí, ó ní òun fi Ọlọ́run búra, títí Ọlọ́run á fi dájọ́, òun àti ọmọ yìí ò ní ríra sójú, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àbúrò wá sẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹfà ní ọdún àkọ́kọ́. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Ó rán àwọn àgbààgbà. "Ẹ má bínú," ni Olóhùn-Iyọ̀ ń sọ fún wọn. "Ìbúra ni, kì í ṣe ìkà. Èmi kọ́ ni mo kọ̀, ẹ̀rù Ọlọ́run ló ń bà mí."

Òótọ́ sì ni, ẹ̀rù ń bà á. Ọba tí ewé kan kì í já lóko kó má mọ̀, Ọba tó ń gbọ́ ẹsẹ̀ èèrà dúdú lórí àpáta dúdú, ta ni yóò fi orúkọ rẹ̀ ṣe àdéhùn tí yóò wá sọ pé òun ti gbàgbé?

Aago kan kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó gbé áyọ́ọ̀nù padà, ó sì ṣe ohun tó máa ń ṣe bí àyà rẹ̀ bá ń já: ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké Kùránì. Orí ẹní bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, létí lásán, láti kékeré. Súrà Màlúù ló máa ń kà jù, nítorí bàbá sọ fún un pé Ṣàìtáánì kì í dúró nílé tí wọ́n bá ti ń kà á. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń kà á yípo níbi tábìlì yìí. Orúkọ tí wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ló ti wá. Àwọn nọ́ọ̀sì á dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gbọ́ ọ.

Bàbá Ilẹ̀kùn wọlé wá gba aṣọ aláwọ̀ ewé. Òun ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi kọ́ kéwú, àti ohùn àti ìtumọ̀, kí ó tó wá di aṣọ́nà. Bí wọ́n bá sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fi ṣọ́ àga, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń fi ṣọ́ ilẹ̀kùn. Ó dúró, ó gbọ́. Lójijì ó gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró níbẹ̀ yẹn. Tún un kà."

Olóhùn-Iyọ̀ tún un kà, ó rò pé òun ṣì í.

"O ò ṣì í. Ó dùn bí oyin. Kí ló ń sọ?"

"Bàbá, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni."

"Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, kì í ṣe ti dókítà. Kí ni Ọlọ́run ń sọ níbẹ̀?"

Olóhùn-Iyọ̀ wo ilẹ̀. "Bàbá mi kọ́ mi ní ohùn. Ikú ò jẹ́ kó kọ́ mi ní ìtumọ̀."

Bàbá Ilẹ̀kùn ti gbọ́ nípa ìbúra náà. Ta ni kò gbọ́ nígbà tí Ìyá Ọṣẹ wà láàyè? Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ó ní kí a má gbé orúkọ òun dábùú ọ̀nà. Ẹni tó bá ti fi òun búra pé òun ò ní ṣe rere, pé òun ò ní bá ènìyàn rẹ́, kó má wí pé Ọlọ́run ló dá òun dúró. Ohun tí o kà nìyẹn."

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń pariwo. Ìyá Ọṣẹ gbé abọ́ ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Irọ́ ni," ni Olóhùn-Iyọ̀ wí, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tí mo mọ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan já bọ́. Ohun tí kò ju ọmọ-iná-igún, kòkòrò tí ojú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, lọ, ire ni o, ibi ni o, ẹni tó ṣe é á rí i. Ìyẹn tí àwọn oníwàásù ń sọ, kò sí nínú Kùránì ni?"

"Ó wà níbẹ̀. Mi ò sọ pé kò wọ̀n. Ó ń wọ̀n. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe ń wọ̀n? Ire kan tí o bá ṣe, mẹ́wàá ló kà á sí. Ibi kan tí o bá ṣe, ọ̀kan náà ni."

"Irú òṣùwọ̀n wo nìyẹn?" Ìyá Ọṣẹ já lu ọ̀rọ̀ wọn. "Tí n bá ń wọn ọṣẹ báyìí, òní ni wọ́n á lé mi lọ!"

"Òṣùwọ̀n ẹni tó ń wá ọ̀nà kí o yege ni." Bàbá Ilẹ̀kùn yíjú padà sí Olóhùn-Iyọ̀. "Òun náà fi nǹkan kan ṣe dandan lé ara rẹ̀ lórí. Kò sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti pa á láṣẹ. Òun ló pa á fún ara rẹ̀, ó sì sọ fún wa. Àánú ni. Ohun tí Ọba fi de ara rẹ̀ nìyẹn. Ìwọ, kí lo fi de ara tìẹ?"

Olóhùn-Iyọ̀ fa aṣọ ibùsùn kan mọ́ra. Ó ń ká aṣọ, ó ń tú u. "Ìbúra náà ńkọ́? Ṣé mo kàn máa jù ú nù bẹ́ẹ̀?"

"Ìtánràn wà. Oúnjẹ fún aláìní mẹ́wàá, tàbí aṣọ. Ẹni tí kò bá ní, kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta! Bàbá, aago méjì ni wọ́n ń gbé e wọlé!"

"Ṣe rere ná. Ìtánràn á tẹ̀lé e, kò ní sọnù lọ́nà." Ó gba aṣọ aláwọ̀ ewé, ó wo aṣọ funfun ibùsùn kẹtàdínlógún, ó sì fi í sílẹ̀ níbi tó wà. "Ọwọ́ mi kún," ni ó wí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ò kún, ó bá tirẹ̀ lọ.

Olóhùn-Iyọ̀ jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ó rìn láti orí okùn kan dé èkejì. Ohun tó ń lé e kiri yàtọ̀ sí ti òwúrọ̀. Ní òwúrọ̀, ìbúra ló dúró lójú ọ̀nà, ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Báyìí, ìbúra ti yẹ̀ lójú ọ̀nà, ó wá rí ẹni tó ti dúró sẹ́yìn rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Òun fúnra rẹ̀ ni. Inú ń bí i. Inú ti ń bí i fún ọdún mẹ́sàn-án, ó sì wọ aṣọ ìbẹ̀rù Ọlọ́run fún ìbínú náà, ó ń mú un lọ kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́.

"Aago kan àbọ̀ ti lù o!" Ìyá Ọṣẹ kígbe láti ojú fèrèsé. "Bí o ò bá lọ, èmi á lọ. Mo máa sọ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀, mo sì rẹwà jù ọ́ lọ!"

Olóhùn-Iyọ̀ já aṣọ náà gbà lórí tábìlì, ó gba orí àtẹ̀gùn lọ. Ó dúró lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó yíjú padà pátápátá, ó sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn mẹ́ta, ó tún gòkè. Bàbá Ilẹ̀kùn ṣí ilẹ̀kùn kó tó kàn án, kò sì wo ojú rẹ̀.

Ọkùnrin orí ibùsùn náà ti hu ewú. Ìyẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà á: kò sí ẹni tó sọ fún un pé ọmọ yìí ti hu ewú. Ó la ojú, ó wò ó, ó tún dì í.

"Abẹ́rẹ́ yìí mà le o," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Ó ti gbé ẹ̀gbọ́n mi wá."

"Abẹ́rẹ́ kọ́. Gbé ẹsẹ̀ ẹ, kí n tẹ́ aṣọ."

"Ẹsẹ̀ wo nínú ẹ̀?" Ó la ojú padà, omi sì ti kún un. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin mà ni."

Olóhùn-Iyọ̀ ti ronú pé òun á kí i ná, pé òun á bi í bóyá ó ń dùn ún. Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni ohun tó wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. "Kí ló dé tí o fi ilẹ̀kùn sílẹ̀? Ta lo lọ bá? Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ?"

"Mi ò lọ ibì kankan." Kò gbójú kúrò lára rẹ̀. "Mo sùn ni. Àtàárọ̀ kùtù ni mo ti wà lórí àkàbà kí n tó wá gba ipò yín. Mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Mi ò rántí ti ilẹ̀kùn. Ohun tí mo wá sọ lẹ́ẹ̀mẹfà nìyẹn."

"O sùn."

"Mo sùn."

"Ìyá ń rìn kiri lójú títì, ìwọ ń sùn!"

"Bẹ́ẹ̀ ni." Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì wí àwíjàre. Ó di etí aṣọ mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí mi ò bá jí nínú èyí, kí ni mo fẹ́ wí fún Ọlọ́run? Ṣé kí n sọ pé mo sùn ni?"

Olóhùn-Iyọ̀ ya ẹnu láti bínú, ìbínú sì wà níbẹ̀, ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ló kọ́kọ́ jáde, ó sì gbọ́ ọ bí ẹni tí ẹlòmíràn ń sọ ọ́ fún.

"Ọba tí kì í sùn, tí kì í tòògbé, ó mọ̀ pé ènìyàn ń sùn. Òun ló dá oorun. Kò dá ọ ní irin."

Ọkùnrin náà sunkún, èjìká rẹ̀ ń mì, ìrora sì mú kó máa kérora pọ̀ mọ́ ẹkún. Olóhùn-Iyọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀, ó nu ún gbì-gbì bí ẹni ń nu ojú ọmọdé. "Má rò pé mo ti dárí jì ọ́ tán o. Ó ṣì kù nínú mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ jà lé lórí pọ̀."

"Ẹ bá mi jà, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa bá mi jà."

Nọ́ọ̀sì méjì dé. Wọ́n gbé e sórí ibùsùn onítáyà, wọ́n da aṣọ aláwọ̀ ewé bò ó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ. Olóhùn-Iyọ̀ ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń bá a jà: ewú yìí ńkọ́, ta ló ń fún ọ lóúnjẹ, kí lo ń wá lórí àkàbà lọ́jọ́ orí ẹ? Àbúrò rẹ̀ ń dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi dé ẹnu ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni tí kò wọ aṣọ aláwọ̀ ewé kì í kọjá. Ilẹ̀kùn náà gba òun àti nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, ó sì padé.

Olóhùn-Iyọ̀ di apá nọ́ọ̀sì kejì mú kó tó wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ bá mi sọ fún dókítà pé mi ò tíì bá a sọ̀rọ̀ tán."