Egungun Inú Yàrá Ummusalamah

Káfíńtà ni mí, mi ò sì ní sùúrù fún ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Ẹni tó bá sọ fún mi pé òun rí àǹjọ̀nú lẹ́yìnkùlé, n ó kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo gbádùn ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Inú ń bí mi pé ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀.

Ummusalamah, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí a ń pè ní Úmú, ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Físíọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ó kà á nínú ìwé, ó sì yé e. Anátómì, ẹ̀kọ́ egungun àti iṣan, ló gbé e ṣubú. Ìdánwò àfẹnusọ wà nínú rẹ̀: olùkọ́ á gbé egungun lé ọmọ lọ́wọ́, á ní kó sọ orúkọ rẹ̀, bóyá ti ọ̀tún ni àbí ti òsì, àti iṣan tó so mọ́ ọn. Àwòrán ni Úmú fi kọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí egungun gidi dé ọwọ́ rẹ̀, ó kàn ń wò ó ni. Wọ́n ní kó tún un ṣe. Bó bá tún fìdí rẹmi, wọn yóò lé e kúrò ní ilé ìwé.

Ó kó gbogbo ohun tó fẹ́ fi kàwé sílẹ̀ ní pálọ̀, ó ní kí n bá òun yan ọ̀kan. Ìwé kan wà níbẹ̀ tó nípọn bí ìtì igi. Fídíò wà nínú fóònù rẹ̀, níbi tí ọkùnrin kan ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Fọ́tòkọ́pì tún wà, tí àwòrán inú rẹ̀ ti dúdú tán. Lẹ́yìn náà ló ṣí páálí kan. Kingsley, ọmọ Ìdóàní tó wà ní ọdún ìkẹyìn, ló yá a. Egungun ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tó ṣíwájú á fi lé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́.

Mo ní, "Ìwé ni kí o mú."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá Raheem, ṣé àwòrán pákó lẹ̀yin fi kọ́ iṣẹ́ yín ni?"

Ó gbé páálí rẹ̀ wọ yàrá. Kingsley ti sọ fún un pé kó máa mú egungun dání, kó dijú, kó sì máa ka orúkọ ibi tí ìka rẹ̀ bá kàn sókè ketekete.

Ní ilé wa, ẹnikẹ́ni kì í wọ yàrá láìkí sálámà, bí yàrá náà tilẹ̀ ṣófo. Ìyá mi, Ṣẹ̀fíátù, ló fi kọ́ wa láti kékeré. Òun ló ń wẹ òkú àwọn obìnrin àdúgbò wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Úmú kírun tán, ó ṣílẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó ní, "Àsàlámù àlékùm." Ìyá mi ń bẹ iṣu ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Raheem, ta ló wà nínú yàrá yẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá."

"Ó dá a lóhùn."

Ó dìde, ó wọlé, ó rí páálí. Kò pariwo. "Úmú, a kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀ nínú ulé yìí. Ta nì yí tí a ò tíì wẹ̀, tí a ò tíì sin?"

Úmú kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣèdánwò tán. Bẹ́ ẹ bá gbà á báyìí, ẹ ti lé mi kúrò nílé ìwé nìyẹn."

Ìyá mi mí kanlẹ̀. Ó ní kó má kí i mọ́, ó tán. Ṣùgbọ́n sálámà ti mọ́ ọmọ náà lẹ́nu. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ tó ń kí i kó tó rántí, tí á sì dákẹ́ lójijì lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀kọ́ náà wọlé, kí n má purọ́. Orúkọ egungun ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ọmọ ilé kéwú tó ń ka wàláà. Nígbà tó yá, mo ń gbọ́ ohùn kejì tó ń tẹ̀ lé e, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ọmọ kéwú ṣe ń tẹ̀ lé àlùfáà. Mo rò pé fóònù ni. Fóònù wà ní pálọ̀, ó ń gba iná.

Láti ìgbà náà, bí ohùn kejì ṣe ń lágbára ni ti Úmú ń há. Ìyá mi fún un ní oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́, kò gbọ́. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé mo mọ ohùn kejì yẹn. Ohùn Úmú ni.

Lárọ̀ọ́ ọjọ́ ìdánwò, èmi fúnra mi ni mo fi í sínú ọkọ̀. Mo bi í bóyá ó ti jẹun, ó mi orí. Nígbà tí mo padà délé, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń kàwé nínú yàrá. Ìyá mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fà á. Ohùn náà á dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè, á sì dáhùn. "Ti apá ọ̀tún ni, sà." Á tún dákẹ́. Á tún dáhùn. Kò ṣi ẹyọ kan. "Sà" yẹn ló mú mi jókòó sílẹ̀.

Lẹ́yìn àsàrì, ẹnì kan kanlẹ̀kùn, kò kí sálámà. Mo ṣí i. Úmú ni. Ẹnu rẹ̀ ń mì, kò sí ohun tó ń jáde. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù fún mi: "Mo mọ gbogbo rẹ̀. Ohùn mi ni kò jáde. Wọ́n ní bóyá ẹ̀rù ló bà mí, kí n padà wá lọ́la." Ìgbà náà ló gbọ́ ara rẹ̀ tó ń kàwé nínú yàrá. Ó dì mọ́ mi, mo sì sunkún, ojú ò tì mí.

Ìyá mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó ní bí a bá sin òkú náà bó ti yẹ, yóò fi ohùn olóhùn sílẹ̀. Ó wẹ àwọn egungun náà bí ó ṣe ń wẹ obìnrin, ó fi aṣọ funfun wé wọn. Àlùfáà Àbúdùlàhí bi wá bóyá mùsùlùmí ni. Ìyá mi ní, "Ó ń dáhùn sálámà." Àlùfáà ní kí a máa gbé e lọ.

A dé itẹ́ òkú kí oòrùn tó wọ̀. A gbé e sínú sàárè, a da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Àlùfáà ṣàdúà, gbogbo wa ṣe àmín. Úmú la ẹnu tirẹ̀, ìyá mi di ọghọ́ rẹ̀ mú, a sì dúró dè é.

Àmín rẹ̀ jáde, ó mọ́ gaara, ohùn rẹ̀ gan-an ni. Abẹ́ yẹ̀pẹ̀ ló ti wá.