Ojú Àgbàrá Tí Wọ́n Dí

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ìyá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kan odi yẹn!"

Ohùn Oníkáàdì ń lọ, ó ń bọ̀ nínú fóònù, bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú àgbá. Opó náà fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù kí òjò má bàa wọ inú rẹ̀. Orí odi erùpẹ̀ ló dúró sí, odi gígùn tó dábùú òkè láti ìhà kan dé ìkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti rì sínú ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Lápá òsì rẹ̀, omi adágún ti kún, ó pọ́n, ó ń mì síwá sẹ́yìn. Lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, òrùlé páànù ilé rẹ̀ ló ń wò. Abẹ́ òrùlé yẹn ni ìyá ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí, arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kọṣẹ́ láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú.

"Ọ̀gá, omi ti fẹ́ẹ́ dé orí odi. Ó kù díẹ̀ kó gba orí rẹ̀ kọjá."

"Odi yẹn lágbára. Èmi fúnra mi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fọwọ́ sí i."

"Ẹ ò gun òkè yìí lọ́jọ́ tí ẹ fọwọ́ sí i, ọ̀gá. Inú mọ́tò lẹ wà."

Oníkáàdì wúkọ́ nínú fóònù.

"Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ṣé ẹ rántí òfin? Ẹni tó bá gbẹ́ odi láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ní káàdì, wọ́n á gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àti ilé tó wà lórí ẹ̀. Mo ń bọ̀ tí òjò bá ti dá."

"Tí òjò bá ti dá? Ọ̀gá, òjò yìí gan-an ni mo ń—"

Ó ti pa fóònù.

Oníkáàdì kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí ìjọba pín ilẹ̀ orí òkè náà fún àwọn àgbẹ̀, àdéhùn tí wọ́n bá wọn ṣe ni pé wọ́n á tọ́jú ilẹ̀: wọ́n á kọ ebè dábùú òkè kí àgbàrá má bàa kó erùpẹ̀ lọ, wọ́n á gbin koríko síbi tó bá ṣí sílẹ̀, wọ́n á sì mọ odi tí yóò dá omi òjò dúró de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọwọ́ ìjọba kò tó gbogbo oko. Wọ́n wá pe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn, wọ́n dán wọn wò, wọ́n fún wọn ní káàdì, wọ́n ní kí wọ́n máa tọ́ àwọn àgbẹ̀ sọ́nà. Okùn pupa ni ọkùnrin yìí fi so tirẹ̀ kọ́ ọrùn. Bó bá fẹ́ jẹun pàápàá, ẹ̀yìn ló máa ń jù ú sí, kì í bọ́ ọ. Kò sí iṣẹ́ tó parí lórí òkè náà títí òun yóò fi fọwọ́ sí i.

Ó sì mọ iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn dù ú. Abẹ́ igi kan ló kó àwọn àgbẹ̀ jọ sí nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó ń da ẹ̀kọ́ sí wọn létí bí oyin.

"Odi erùpẹ̀ máa ń làágùn bíi tèmi tẹ̀yin," ló wí. "Bí òógùn rẹ̀ bá mọ́ gaara, ẹ jẹ́ kó máa làágùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá dàbí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, inú odi ló ń jẹra yẹn. Ẹ má dúró kó ẹrù. Kí lẹ máa ṣe?"

"Ká sá!"

"Mi ò gbọ́!"

"Ká sá!"

"Ọ̀gá," bàbá kan ké láti ẹ̀yìn, "láti òní lọ, ẹni tó bá gbé tíì wá bá mi nílé, ó máa bá ilẹ̀kùn mi ní títì!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Opó náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nínú àwòrán tí Oníkáàdì yà lọ́wọ́ ara rẹ̀, odi náà ní ojú àgbàrá, ibi tí omi tó bá pọ̀ jù yóò gbà jáde. Ó gba etí ilẹ̀ Alága kọjá lọ sínú odò. Alága kò ṣe alága ohunkóhun mọ́. Ó jẹ ẹ́ rí, orúkọ náà ló lẹ̀ mọ́ ọn lára. Etí ilẹ̀ yẹn gan-an ló wá fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sí. Opó náà gbọ́ ìró katakata láàárọ̀ kan, ó sáré gun òkè, ó bá wọn tí wọ́n ń da òkúta àti erùpẹ̀ sínú ojú àgbàrá náà. Oníkáàdì àti Alága dúró sábẹ́ igi, wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà.

"A ti tún àwòrán náà ṣe, ìyá," ni Oníkáàdì wí. "Adágún yín á gba omi sí i. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ èrè ẹ̀."

"Ìyàwó wa, ẹ kú oríire o!" ni Alága fi tì í lẹ́yìn.

Lẹ́yìn wọn, ọkùnrin méjì ń gbé jẹnẹrétọ̀ tuntun, nínú páálí rẹ̀ síbẹ̀, sínú bùútù mọ́tò Oníkáàdì. Ìdí mọ́tò náà wálẹ̀ bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin. Opó náà rí i. Ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ ṣeun.

Ní báyìí, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí odi, ó ń di koríko mú kó má bàa yọ̀ ṣubú. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà ló ti gbé abọ́ funfun kan sídìí odi, níbi tó ti ń làágùn. Àràárọ̀ ló ń lọ wò ó. Bó bá ti rí i pé omi inú rẹ̀ mọ́, á ní, "Olúwa, mo dúpẹ́," á dà á nù, á gbé e padà sáyè rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú abọ́ náà. Kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi náà ti pupa rẹ́súrẹ́sú, ó nípọn, ó dàbí tíì.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń sá kí ó tó mọ̀ pé òun ń sá.

"Ta nìyẹn?" ni ohùn arúgbó bi í láti inú yàrá.

"Èmi ni, Màmá. Ẹ dìde jókòó. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀n yín."

"Ta ni wọ́n fẹ́ pọ̀n? Èmi? Sẹ́yìn ìyàwó ọmọ mi, bí ọmọ ọwọ́? Kí ló dé?"

"Odi ń jẹra, Màmá."

Arúgbó náà wò ó. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí i. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí o bá jù mí sílẹ̀, tí mo bá dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ, mo máa fẹjọ́ ẹ sùn."

Wọn kò kọjá àgbàlá. Ọ̀nà tó lọ sísàlẹ̀ ti di odò tó ń ru gùdù, ó ń gbé ẹ̀ka igi lọ. Opó náà ti ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, ilẹ̀ sá lábẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì dojú dé inú ẹrẹ̀. Arúgbó náà ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, igbe kékeré bíi ti ọmọ ológbò. Opó náà wọ́ ọ padà wọlé, ó gbé e sórí ibùsùn, ó fi ìró nu ojú rẹ̀. Ẹrẹ̀ náà kàn ń tan kálẹ̀ sí i ni.

"Fi mí sílẹ̀," ni Màmá wí. "Èmi ti pẹ́ láyé. Máa lọ."

"Mi ò lọ síbì kankan."

Ọkọ́ ọkọ rẹ̀ ló mú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bó ti ń jáde, ohùn arúgbó náà gbá tẹ̀ lé e, ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò já:

"Ọmọ abókojà-má-sàá! Ọmọ afọkọ́-ṣọ̀rẹ́! Ọmọ ẹni tí ilẹ̀ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dìde jókòó! Lọ, kí o sì bọ̀, kí ojú mi tún rí ọ!"

Ó ń gun òkè, ó ń gbàdúrà, àdúrà náà kò sì ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Olúwa, má tíì jẹ́ kó wó. Má tíì jẹ́ kó wó." Katakata ti tẹ erùpẹ̀ ojú àgbàrá náà pọ̀, ó le bí akọ òkúta. Ó ń gbẹ́, ọkọ́ ń ta padà sí i lọ́wọ́. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó fi ìka tú òkúta, ó tún gbé ọkọ́. Gbogbo ìgbà tó bá mí sókè, ó ń bojú wo òrùlé páànù náà bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Omi rí ọ̀nà. Ó kọ́kọ́ jáde tín-ín-rín bí okùn ìfami, ó tó itan, lẹ́yìn náà ó bú ramúramù. Ó gba etí ilẹ̀ Alága lọ, ó gbá ògiri bulọ́ọ̀kù tuntun tó wà níbẹ̀, ògiri náà tẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀. Nínú adágún, omi bẹ̀rẹ̀ sí í relẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Opó náà jókòó sínú ẹrẹ̀. Ó fẹ́ dúpẹ́, eyín rẹ̀ kò jẹ́, wọ́n ń gbá ara wọn.

Nígbà tí ọ̀nà gbẹ tó mọ́tò lè gbà, Oníkáàdì dé, Alága tẹ̀ lé e.

"Ta ló gbẹ́ ẹ?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Ṣé mi ò sọ fún yín pé ẹ má fọwọ́ kàn án?"

"Ó ti dàbí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí."

Ọwọ́ Oníkáàdì lọ síbi káàdì àyà rẹ̀, ó yí ojú káàdì náà sínú.

"Tíì wo?" ni Alága wí. "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Ṣé ògiri mi ló yẹ kó wá mu tíì náà?" Ó rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Opó náà gbé abọ́ funfun wá. Erùpẹ̀ ti gbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó kúnná bí àtíkè. Oníkáàdì gbà á, ó wò ó pẹ́, ó fi ìka kan tọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ó dojú abọ́ náà dé sórí koríko, ó gbọ̀n ọ́n mọ́.

"Ìyá, mi ò fẹ́ kí ìyà jẹ yín. Ẹ dí i padà bó ṣe wà, èmi á sọ pé òjò ló bà á jẹ́, ẹ sì ti tún un ṣe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gba ilẹ̀, ẹ̀yin àti arúgbó á wá ibòmíràn."

"Ẹ sọ fún wọn pé ojú àgbàrá ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ yà á."

Oníkáàdì sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àánú ló fi sọ ọ́. "Lórí òkè yìí, èmi nìkan ni káàdì wà lọ́rùn rẹ̀. Ta lẹ máa pè kó wá wò ó?"

Opó náà dí i. Láti àárọ̀ ló ti ń ru òkúta, tó ń da erùpẹ̀ lé e, tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nírọ̀lẹ́, Oníkáàdì padà wá, ó gun òkè náà lọ́tẹ̀ yìí, ó yọ fóònù rẹ̀ kó lè ya fọ́tò.

"Ẹ bọ́ síwájú díẹ̀. Ẹ gbé ọkọ́ yẹn sókè. Ẹ rẹ́rìn-ín, ìyá, kí wọ́n lè rí i pé inú yín dùn sí iṣẹ́ náà."

Lẹ́yìn rẹ̀, ojú ọ̀run ti ṣú bí ìdí ìkòkò.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Oníkáàdì wí. "Òkùnkùn yẹn jẹ́ kí koríko náà tàn dáadáa." Ó gbójú sókè, ó tètè ki fóònù bọ àpò. "Ẹ jẹ́ kí n máa sáré lọ. Bí òjò bá ká mi mọ́ ọ̀nà yín yìí, mọ́tò mi ò ní lè jáde."

Opó náà fọ abọ́ funfun, ó gbé e padà sídìí odi. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọlé, ó tú àpótí tí ọkọ rẹ̀ kàn, ó mú ọ̀já jáde lábẹ́ aṣọ.

"Kí ló ń dún yẹn?" ni Màmá béèrè. "Ṣé òjò ni?"

"Afẹ́fẹ́ lásán ni, Màmá."

"Kí lo wá ń fi ọ̀já ṣe?"

Ó kọ ẹ̀yìn sí ibùsùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó na apá méjèèjì sẹ́yìn.

"Ẹ dì mọ́ mi lọ́rùn, Màmá. Ẹ jẹ́ ká máa fi kọ́ra."