Ọmọdé Inú Aránṣọ

"Mi ò sí níbí," ohùn kékeré kan wí lábẹ́ tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ.

Oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló rí, aránṣọ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀jáfáfá. Obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún ló ká ẹsẹ̀ jọ síbẹ̀, tó fi àtàǹpàkò sẹ́nu. Oníbàárà tó wá gba aṣọ ìgbéyàwó ló sáré lọ pè é: "Ẹ wá wo àbúrò yín. Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú."

"Jáde wá. Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ."

Aránṣọ wò ó láti òkè délẹ̀. "Irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ìyá àgbà. Eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni."

Ẹ̀rín fẹ́ pa oníbúrẹ́dì, àmọ́ omijé ló bọ́. Bí eyín rẹ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn nígbà tí wọ́n jọ gbé gbẹ̀yìn, nínú yàrá kan tí oòrùn àárọ̀ máa ń gba ojú fèrèsé wọlé, tí ìyá wọn á máa bá rédíò kọrin, tí kò ní mọ ọ̀rọ̀ orin ọ̀hún délẹ̀. Ìyá kú, ẹbí pín wọn. Òun lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, àbúrò lọ sọ́dọ̀ ìyàwó àbúrò bàbá wọn. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tójú ọmọ náà rí níbẹ̀.

Nígbà tí aránṣọ padà di àgbà, wọ́n jọ lọ rí dókítà ọpọlọ. Dókítà ló ṣàlàyé, aránṣọ fúnra rẹ̀ ló ní kó sọ ọ́.

"Kì í ṣe wèrè, kò sì díbọ́n. Nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n máa ń tì í mọ́ yàrá ẹrù, wọ́n máa ń lù ú. Ọmọdé tí ò ríbi sá sí, inú ara rẹ̀ ló máa sá sí. Ó dá ẹlòmíì sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń jẹ ìyà nípò rẹ̀. Ìyà ọ̀hún ti tán tipẹ́, àmọ́ ẹni yẹn ò tíì gbọ́."

"Báwo la ṣe máa lé e lọ?"

"Ibo lẹ fẹ́ lé e lọ, Màmá? Òun ló gba àbúrò yín là. Ẹ jẹ́ kọ́kàn rẹ̀ balẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n á mọ ara wọn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, tẹ̀gbọ́n tàbúrò jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, kálukú lórí àga tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," aránṣọ ní, "ẹ sọ ti ilé Màámi fún mi. Mi ò rántí ibẹ̀ mọ́."

Oníbúrẹ́dì sọ ọ́. Ó sọ bí ìyá wọn ṣe máa ń kó àwọn méjèèjì sínú ọpọ́n ìwẹ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n á máa jà sí ọṣẹ, tí ilẹ̀ á kún fún omi.

"O máa ń fi ọṣẹ mi pamọ́."

Oníbúrẹ́dì yíjú sí i. Láti ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ti dàgbà, kò pè é ní "o" rí. Ó kù díẹ̀ kó béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó gbé e mì.

"Èmi ni mo fi pamọ́," ó ní, "o ò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú."

Ó sún mọ́ ọn, ó sì tún ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ látòkè, kí ọmọdé àti àgbà tó jókòó sórí àga kan ṣoṣo yẹn lè jọ gbọ́ ọ.