Ọ̀rọ̀ Kan Lórí Àtẹ̀gùn Ẹ̀fọ̀n

Kò sí ẹni tó fẹ́ràn àpótí béèsì nínú ẹgbẹ́ eléré Adéṣínà ní Aràmọkọ. Gìtá, èèyàn lè gbé e kọ́ èjìká kó máa yan lọ. Ìlù, èèyàn lè dì í mọ́ àyà. Ṣùgbọ́n àpótí sípíkà ńlá méjì tí ń mú ohùn béèsì dún, pákó ìrókò ni Adéṣínà ní kí wọ́n fi kàn wọ́n, torí ó ní pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń gbọ̀n, kì í jẹ́ kí ohùn dúró. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga dé àyà ọkùnrin, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó àpò kòkó méjì.

Awóṣùsì àti Ọlájídé ló ń gbé wọn. Láti ọdún tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ni wọ́n ti jọ ń gbé wọn sínú pikọ́ọ̀pù Adéṣínà, tí wọ́n sì ń sọ wọ́n kalẹ̀ ní Ìjerò, ní Ìkògòsì, ní Ìjurin, níbikíbi tí wọ́n bá ti pe eré. Ọdún kẹsàn-án rèé. Awóṣùsì ló dàgbà jù. Ó ti lé lógójì ọdún, ọmọ agboolé tó ń bọ Ògún ni. Ọlájídé kò tíì pé ọdún márùn-dín-lógójì, ọmọ ìjọ CAC sì ni, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn ò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn rí. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé àpótí sọ̀kalẹ̀ níbi gíga, Ọlájídé ló máa ń wà nísàlẹ̀, tí yóò máa fẹ̀yìn rìn, torí òun ló lágbára jù. Awóṣùsì á wà lókè, á sì máa ṣe ojú fún un.

“Òkúta wà lọ́wọ́ òsì rẹ.”

“Mo gbọ́.”

“Àtẹ̀gùn. Ó ku ẹyọ kan.”

Ọlájídé kì í bojú wẹ̀yìn. Ohun tí Awóṣùsì bá ti sọ ló ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Nígbà tí òjò ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún Awóṣùsì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Lóko, àdá yóò kàn já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nílé, ife ẹ̀kọ gbígbóná bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó rẹ̀, Oyèníkẹ́, nìkan ló mọ̀.

“Bàbá Fúnmiọlá, ẹ sọ ọ́ fún Adéṣínà,” ni obìnrin náà wí.

“Kí n sọ kí ni? Kó lè wá ẹlòmíì?”

“Ṣé àpótí ni wọ́n fi bí yín ni?”

Awóṣùsì bọ́ síta. Kò mọ bí yóò ṣe là á yé e pé lóko, àgbẹ̀ kan láàárín àwọn àgbẹ̀ ni òun, ṣùgbọ́n bí pikọ́ọ̀pù bá ti wọ̀lú onílùú, tí àwọn èèyàn bá pariwo pé, “Àwọn eléré ti dé!”, wọ́n ń ka òun mọ́ wọn. Kò lè kọrin, kò lè lùlù. Àpótí yẹn nìkan ló so ó mọ́ eré.

Ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù Bélú, ìjọ kan ní Ẹ̀fọ̀n pè wọ́n síbi ayẹyẹ ìkórè. Orí àpáta ni gbọ̀ngàn ìjọ náà wà, ọkọ̀ kò lè dé ibẹ̀. Àtẹ̀gùn òkúta méjìlélógún ni wọ́n gbé àpótí méjèèjì gùn. Eré náà dùn. Àwọn ìyá ìjọ jó títí gèlè fi ń tú. Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn òkè, Adéṣínà ní kí wọ́n yára kẹ́rù, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá wọn lójú ọ̀nà oníkọ́rọ́kọ̀rọ̀ yẹn.

Àpótí kìíní sọ̀kalẹ̀ láìsí wàhálà. Bí wọ́n ṣe ń padà gòkè lọ gbé ìkejì, ó ń ṣe Awóṣùsì bí ẹni pé èèrà ń tò lọ láàárín ìka rẹ̀. Ó ń na ọwọ́, ó ń ká a. Ọlájídé rí i.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká sinmi díẹ̀?”

“Sinmi kí ni? Gbé e jàre.”

Wọ́n gbé e. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì àtẹ̀gùn, ọwọ́ náà kú pátápátá. Awóṣùsì kò mọ̀ ọ́n lára pé ìka òun ń ṣí; ojú ló fi rí i, bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíì. Ó ya ẹnu láti ké, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti mọ́ ọn lẹ́nu náà ló jáde: “Àtẹ̀gùn.” Ọlájídé sì fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àpótí ṣe já lù ú láyà, tó gbé e ṣubú, tó sì yí tẹ̀lé e dé ìsàlẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ ni àpótí náà jókòó lé.

Wọ́n sáré wá láti òkè àti láti ìdí ọkọ̀. Àwọn márùn-ún ló gbé àpótí náà kúrò lára rẹ̀. Ọlájídé kò ké. Ó lajú sílẹ̀, ó ń wo òfuurufú. Ìgbà náà ni Adéṣínà rí ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń di àpótí náà mú: ó ti fà yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìṣó kan ṣoṣo ló gbé e rọ̀.

“Irin tí Ògúntóyè rọ ló já!” ni Adéṣínà kígbe. Ó yíjú sókè. “Àbí irin ló já, Awóṣùsì?”

Gbogbo ojú wò ó. Ó ṣì dúró ní ìdajì àtẹ̀gùn, ọwọ́ rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ó wí.

Ilé ìwòsàn kan ní Iléṣà ni wọ́n gbé Ọlájídé lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló lò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e padà sí Aràmọkọ, láti ìbàdí rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Olúfúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ tẹ́ ibùsùn fún un nínú yàrá iwájú, kó lè máa rí àwọn tó ń kọjá.

Ògúntóyè, alágbẹ̀dẹ tó rọ irin náà, ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀ lọ sílé Adéṣínà, ó ní kí wọ́n fi àpótí náà han òun. Ó fi àtàǹpàkò pa irin náà lára títí.

“Irin yìí ò já,” ó wí. “Ìṣó ló fà yọ, ìgbà tó ń yí lulẹ̀ ló sì fà yọ. Ẹ wo ara pákó bó ṣe ya.” Ó yíjú sí Awóṣùsì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ìwọ lo dì í mú. Kí lo rí?”

“Bàbá, mo ti sọ ohun tí mo rí.”

Arúgbó náà mi orí. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó padà sílé.

Ọ̀rọ̀ tàn ká. Kò sí ẹni tó bú arúgbó náà lójú, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé ọkọ́ wá fún un bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sí Ìjerò. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n ní irin rẹ̀ ti ń pa èèyàn lára. Lọ́jọ́ tí agboolé Awóṣùsì ń bọ Ògún, tí kálukú ń fi ẹnu kan irin láti búra òtítọ́, Awóṣùsì ti lọ sóko láti ìdájí, ó ní àwọn ẹran ń ba iṣu òun jẹ́. Kò sí ẹran kankan lóko. Ó jókòó sábẹ́ igi kòkó títí oòrùn fi wọ̀.

Ní àràárọ̀, ó ń lọ sílé Ọlájídé. Òun àti Olúfúnkẹ́ ló ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ara rẹ̀ má baà dégbò. Ó ń fọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń pọn omi. Àwọn ará àdúgbò ń yìn ín pé, “Irú ọ̀rẹ́ báyìí ṣọ̀wọ́n.” Ìyìn náà ń jó o bí ata lójú egbò.

Nínú oṣù Òkúdù ni ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Olúfúnkẹ́ ti lọ sí odò. Òjò ń bọ̀, yàrá ṣókùnkùn. Awóṣùsì jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

“Jídé, irin kọ́ ló já.”

Ọlájídé kò yíjú sí i. “Mo mọ̀.”

“O mọ kí ni?”

“Ẹ̀yin ni mò ń wò, Ẹ̀gbọ́n. Ìgbà wo ni mi ò wò yín rí? Mo rí ọwọ́ yín nígbà tó ṣí.”

Awóṣùsì sún mọ́ ọn. “Oṣù méje! Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Bí mo bá sọ ọ́, ṣé ẹ ó tún máa wá?” Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ò wá. Àwọn eléré wá lẹ́ẹ̀kan. Fúnkẹ́ nìkan ò lè yí mi. Mo rò ó, mo ní kí irin máa jẹ̀bi. Irin kì í sunkún.”

“Ògúntóyè ńkọ́?”

Ọlájídé dijú. “Èyí tí ò jẹ́ kí n máa sùn nìyẹn.”

Ìgbà náà ni Olúfúnkẹ́ gbé omi dé.

Lọ́jọ́ kejì, Awóṣùsì lọ sí àgbẹ̀dẹ. Ilẹ̀kùn wà ní títì, koríko ti hù lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní bàbá ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ìlóro. Ó wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ó bá arúgbó náà níwájú ilé, tó ń bó ẹ̀gúsí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, látorí èèrà tó ń tò nínú ìka dórí ọ̀rọ̀ kan tó sọ lórí àtẹ̀gùn.

Ògúntóyè ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

“Ṣé èmi lo wá ń sọ ọ́ fún?” ó wí níkẹyìn. “Nínú gbogbo Aràmọkọ, èmi nìkan ni kò yẹ kó o sọ ọ́ fún. Èmi ti mọ irin mi.”

“Ẹ forí jì mí, Bàbá.”

“Dìde. Lọ sílé. Ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ mi ni kó o ti lọ sọ ọ́, lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí ẹsẹ̀ bá pé. Bó o bá sọ ọ́ tán, kó o tó máa bẹ̀ mí.”

Ó lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ó dúró nínú koríko yẹn, ó sì ké sí àwọn èèyàn. Àwọn kan rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ṣùgbọ́n nígbà tó dárúkọ Ọlájídé, wọ́n dúró. Kò fo nǹkan kan. Adéṣínà wà láàárín wọn. Ó wò ó, ó ní, “Kí o kàn sọ pé ọwọ́ ń dùn ẹ́, Awóṣùsì. Kí o kàn sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.” Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Olúdayọ̀, ẹ̀gbọ́n Ọlájídé tí kì í wá wo àbúrò rẹ̀, ló gbá a létí, àwọn kan sì fà á sẹ́yìn.

Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti dé etí Olúfúnkẹ́. Nígbà tí Awóṣùsì dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ó gbọ́ ohùn Ọlájídé nínú yàrá, ó ń bẹ ìyàwó rẹ̀. Ó gbọ́ tí obìnrin náà ní, “Ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n máa gbé oúnjẹ fún un!” Ó padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ lójoojúmọ́, tó ń pọn omi sẹ́nu ọ̀nà, tó sì ń padà. Nígbà míì, omi náà á wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Àwọn àgbà ìlú ránṣẹ́ sí Ògúntóyè pé kó padà wá. Ó ní ẹwìrì òun ti ya, apá òun sì ti rẹ̀. Ìlóro ló kú sí, kí ọdún ó tó parí.

Lọ́jọ́ kẹtàlélógún tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, nígbà tí Awóṣùsì gbé omi dé, Olúfúnkẹ́ ṣílẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ti jìn, òórùn egbò sì ń bọ̀ látẹ̀yìn rẹ̀. Awóṣùsì kúnlẹ̀, agbárí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Obìnrin náà kò kí i, kò sì ní kó dìde.

“Ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó,” ó wí. “Apá èmi nìkan ò ká a.”

Ó yà fún un lẹ́nu ọ̀nà. Awóṣùsì wọlé.